Àgò Tí Àbúrò Mi Fi Sílẹ̀

Ó di ọjọ́ kẹfà tí àwọn ẹ̀fọn inú àgò àbúrò mi kò fẹnu kan ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún yín, kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú. Ẹ̀fọn la ń sìn, kí a lè fi dán oògùn tó ń pa wọ́n wò. Oníkálukú ló ní àgò onínẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, apá ara rẹ̀ ló sì fi ń bọ́ ọ: o ó ki apá bọ ọwọ́ aṣọ tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀gbẹ́ àgò, o ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, o ó yọ ọ́. Abo nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ìkà. Ẹyin inú rẹ̀ kò lè gbó láìsí ẹ̀jẹ̀. Nítorí ọmọ ni. Ẹnu akọ kò lè gún awọ. Omi ṣúgà tí a fi rẹ òwú ló ń fà mu. Bí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ẹ wo ìwo orí wọn: ti abo tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ti akọ kún fún irun bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Àbúrò mi kú pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́rin nínú. Ọkọ rẹ̀, tí òun náà ń bá wa ṣiṣẹ́, ní ó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ni. Ṣùgbọ́n mo rí ọrùn rẹ̀ kí wọ́n tó fi aṣọ bò ó. Àpá ìka ló wà níbẹ̀. Mo pariwo rẹ̀ fún gbogbo ayé. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ló ń dà mí láàmú.

Ìlànà wa ni pé bí ẹni tó ni àgò kò bá sí mọ́, kí a gbé àgò rẹ̀ sínú fírísà kí ohun inú rẹ̀ kú. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi sílẹ̀ fún òun. Àánú ṣe wá, a gbà.

Láti ìgbà náà, àwọn abo á bà lé apá rẹ̀, wọ́n á sì fò kúrò.

“Àwọn ọmọge kọ̀ ọ́!” Bàbá Agbálẹ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀. “Àbí ẹ̀jẹ̀ rẹ korò ni?”

“Ẹ má dá wọn lóhùn, Bàbá. Ebi á kọ́ wọn lọ́gbọ́n,” ọkọ àbúrò mi dáhùn.

Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kẹfà yẹn, oòrùn ń ràn yòò lójú fèrèsé, ó tún ki apá bọ inú àgò. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ariwo ìyẹ́ inú àgò dákẹ́. Yàrá pa lọ́lọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “wọ́n ti ń jẹ o.”

Apá rẹ̀ ti dúdú látòkè délẹ̀. Ó fà á, kò yọ. Ọwọ́ aṣọ náà ti fún mọ́ ọn. Ó fi ẹsẹ̀ ti tábìlì, ó já ara rẹ̀ gbà, awọ apá rẹ̀ sì bó bí èèpo, ẹ̀jẹ̀ ta sí ògiri. Nẹ́ẹ̀tì ya. Wọ́n rọ́ tẹ̀lé e: ojú, imú, ọ̀nà ọ̀fun. Ó ń forí gbá ògiri kí ó lè fi pa wọ́n, títí egungun imú rẹ̀ fi fọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́! Mo fún un lọ́rùn! Mi ò fẹ́ ọmọ yẹn ni!”

Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Nígbà tó fi máa wó lulẹ̀, ara rẹ̀ ti funfun bí eérú.

Wọn kò bà lé ẹlòmíràn. Wọ́n padà sínú àgò tó ya, ikùn wọn wú, ó pọ́n. Mo fi ọ̀kan sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Ìwo orí rẹ̀ kún fún irun bí ìyẹ́ ẹyẹ. Mo wo ìkejì. Mo wo ogójì. Akọ ni gbogbo wọn.

Kí ni akọ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe? Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ikú rẹ̀, mo yẹ àwo omi ìsàlẹ̀ àgò wò. Ẹyin kún inú rẹ̀.

Mo mọ ìlànà. Mo gbé àwo náà dé ẹnu fírísà, mo ṣí i, atẹ́gùn tútù fẹ́ sí mi lójú. Mo tún pa á dé.

Ẹyin náà ti pa báyìí, àwọn ọmọ wọn sì ti ń fò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Ta ni ì bá bọ́ wọn, bí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá wọn?