Kọ́kọ́rọ́ Tí Àṣá Kò Gé Parí

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Àṣá wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ àhámọ́, ó sì ti há a sórí. Eyín kẹta ló gùn jù, èyí tó kẹ́yìn sì rẹlẹ̀ pẹrẹsẹ. Bàbá rẹ̀, tó ń gé kọ́kọ́rọ́ jẹun, ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Òun náà ló sọ ọ́ ní Àṣá nítorí ojú rẹ̀ tó mú. Bàbá ọ̀hún ló wá jókòó sẹ́yìn irin àhámọ́ yìí, tó ń wúkọ́.

"Àṣá mi, ṣé o ti jẹun?" ni bàbá béèrè, bí ẹni pé ọmọ ló wà látìmọ́lé.

"Mo ti jẹun, Bàámi. Ẹ̀yin ni kí ẹ jẹun."

Àwọn olè ló ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wọn, wọ́n kó ọjà inú rẹ̀ láì fọ́ ilẹ̀kùn. Ni ọlọ́pàá bá ní ta ni ìbá ṣe é bí kò ṣe ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́? Wọ́n mú bàbá lọ. Láti ìgbà náà, wọn kò fi ẹ̀sùn kankan kàn án, wọn kò sì gbé e dé ilé ẹjọ́.

Ẹ̀gbọ́n Àṣá ti ń dúró dè é ní ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Kíákíá ni gbogbo ilé ń pè é, torí kì í lè dúró kí oúnjẹ jinná kó tó bù ú sẹ́nu.

"Ṣé o rí kọ́kọ́rọ́ yẹn dáadáa?"

"Mo rí i."

"Ó yá, gé e! Tí ọlọ́pàá yẹn bá ti lọ jẹun lọ́sàn-án, Bàámi á ti dé òde."

"Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò tí a gbà fún Bàámi ní ká ní sùúrù."

"Agbẹjọ́rò! Ṣé àyà agbẹjọ́rò ló ń dùn ún ni? Ìwọ ṣáà máa ka ìwé òfin fún ikọ́ wò, bóyá á gbọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àṣá lára. Ó de irin kọ́kọ́rọ́ tuntun mọ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ayùn rẹ́ ẹ. Ó gé eyín kìíní, ó gé ìkejì. Nígbà tó kan ìkẹta, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kí bàbá tó gé kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tí kò mọ̀, á kọ́kọ́ bá a dé ẹnu ilẹ̀kùn, kó lè rí i pé ilé onítọ̀hún ni lóòótọ́. Bí òun bá wá jí àgádágodo ọlọ́pàá ṣí, ohun tí wọ́n kàn ń fẹnu sọ nípa bàbá, ṣé òun kọ́ ni yóò sọ ọ́ di òótọ́?

Ó tú irin náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọ́.

"Bí ohunkóhun bá ṣe Bàámi níbẹ̀, ọrùn rẹ ló wà o!" ni Kíákíá wí. Àṣá sunkún títí dé ọ́fíìsì agbẹjọ́rò.

"Nu ojú rẹ, ọmọ mi," ni agbẹjọ́rò obìnrin náà wí. "Kì í ṣe àánú la ń tọrọ. Òfin tó ga jù nílẹ̀ yìí ló fún bàbá rẹ ní òmìnira. Bí wọ́n bá mú èèyàn, dandan ni kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún un, kí wọ́n sì tètè gbé e dé iwájú adájọ́. Bí wọn ò bá ṣe é, a lè ní kí adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n gbé e wá, kí wọ́n wá wí tẹnu wọn. Ìwọ ṣáà sọ ohun tí ojú rẹ rí, kí o sì búra sí i."

Àṣá sọ ọ́, ó sì búra. Síbẹ̀, bàbá tún sùn sí àtìmọ́lé fún ọjọ́ mélòó kan, Kíákíá kò sì bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé ilé ẹjọ́.

"Ẹ̀sùn wo lẹ fi kàn án?" ni adájọ́ béèrè.

"Olúwa mi, a ṣì ń wádìí ni," ni ọlọ́pàá fèsì.

"Ẹ máa bá ìwádìí yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè ti èèyàn mọ́lé ná, kí ẹ tó máa wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kiri. Ẹ tú u sílẹ̀ báyìí."

Bí wọ́n ti ń lọ sílé, Àṣá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà. Bàbá dúró sójú ọ̀nà.

"Bí o bá tiẹ̀ ṣí i, Àṣá mi, mi ò ní jáde."

"Kí ló dé, Bàámi?"

"Bí mo bá sá, ta ni yóò tún fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lé mi lọ́wọ́?"

Ọjọ́ náà ló yé Àṣá pé ẹ̀tọ́ ẹni kì í ṣe ohun tí à ń jí gbà. Bí wọ́n bá fi dù wá, ilé ẹjọ́ la ti ń béèrè rẹ̀ ní gbangba, kí á lè padà sáàárín àwọn èèyàn wa láì fojú pamọ́. Bàbá gbé ọwọ́ lé e léjìká, wọ́n sì gba àárín àdúgbò kọjá, tí bàbá ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé.