Ọwọ́ Tí Ó Ṣe Kéèkì

Jọọlá kúnlẹ̀ níwájú ìkòkò, ó ń wo aago lórí fóònù ìyá rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òórùn bọ́tà àti ṣúgà ti gba gbogbo ilé ìdáná, ó sì mọ̀ pé kéèkì òun ti ń wú bọ̀ lábẹ́ ìdérí yẹn. Kò gbọdọ̀ ṣí i. Kò tilẹ̀ fẹ́ mí sókè.

Àfi bí ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì kan ṣe sáré kọjá létí ilé. Ìgbì tí ó dá sílẹ̀ gbá àwọn òpó ilé, pákó mì, ìkòkò náà sì mì lórí àdògán.

"Ha! Kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kí n gbádùn?" Jọọlá pariwo sí ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti lọ jìnnà.

Nígbà tí ó ṣí ìdérí, àárín kéèkì ti jìn wọnú bí ikùn ẹni tí kò jẹun láti àná. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Orí kan án débi pé ó fẹ́ gbá ìkòkò, iyanrìn tí ó dà sí ìdí rẹ̀ àti ohun gbogbo sínú omi. Dípò bẹ́ẹ̀, ó yọ kéèkì náà, ó wò yíká bóyá ẹnì kan ń bọ̀, ó sì jù ú gba ojú fèrèsé. Àwọn ẹja kéékèèké sáré wá, wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Orí òpó nínú omi ni ilé onípákó wọn dúró sí ní Zion Pepe. Bí ọkọ̀ bá kọjá, ilé á mì díẹ̀, kò sì sí ẹni tí í kà á sí. Jọọlá nìkan ni ó ń kà á sí láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ kéèkì ti wọ̀ ọ́ lórí. Bísíkíìtì kò fún un ní ìyọnu rí. Ó mọ bí a ti í po fúláwà rẹ̀, bí a ti í gé e, bí a sì ti í ki áísìn sínú ọ̀rá tí a gé ní ṣóńṣó, kí a fi ya òdòdó sí i lára. Ìwé kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ tí ó kún fún àwòrán òdòdó bẹ́ẹ̀. Kéèkì ni kò gbọ́ tirẹ̀.

Báyìí, kéèkì ni ó nílò. Ìyáàfin Ògúnlànà, olùkọ́ tí ìjọba gbé wá láti Àkúrẹ́ láti máa kọ́ wọn ní ìmọ̀ ètò ilé, ti sọ fún kíláàsì wọn pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbé kéèkì tí ó ṣe nílé wá ní ọjọ́ Ajé. Ẹnì kan péré ni yóò yàn, onítọ̀hún yóò sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìsinmi lọ́dọ̀ aṣekéèkì kan ní Àkúrẹ́, níbi tí ófúnù ti tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù. Jọọlá kò sun oorun gidi mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá ní kí ó yan àlọ yìí tàbí bàtà tuntun mẹ́wàá, kò ní í wo ẹ̀gbẹ́ bàtà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Promise, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bá a níbi tí ó ti ń fọ ìkòkò pẹ̀lú ìbínú.

"Ìwọ náà ni o ń dá ara rẹ lágara," Promise wí. "Ìlú Ìgbòkòdá ni ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Kingsley, ń wa ọkọ̀ lọ lónìí. Jẹ́ kí ó bá ọ ra kéèkì kan bọ̀. Ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi yóò mọ̀."

"Ìwọ mọ̀ ọ́n ṣe, àbí o kò mọ̀ ọ́n ṣe? Ilé yín ló ń mì. Ṣé ìwọ lo kọ́lé sínú omi ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Jọọlá létí ju bí ó ti yẹ lọ. Lóòótọ́, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ ni. Ó wọlé, ó kó gbogbo owó tí ó tọ́jú, ó sì gbé e fún Promise. Nígbà tí ó fi máa di ìrọ̀lẹ́, kéèkì dé nínú páálí, funfun báláú, pẹ̀lú òdòdó aláwọ̀ omi aró yíká rẹ̀.

Ibi tí ó fojú sí, ọ̀nà kò gbabẹ̀. Ìyá baba rẹ̀, Àrìnpé, tí gbogbo ilé ń pè ní Iye, rí páálí náà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Àṣà kan sì wà nínú ìdílé wọn, ilé Olówòkéré, láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Bí apẹja bá fi àwọ̀n tuntun pa ẹja àkọ́kọ́, ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, yóò sì di ọwọ́ apẹja náà mú, yóò ṣàdúrà sí i. Iye kò ya àwọ̀n àti kéèkì sọ́tọ̀.

"Ọma mi, ìwọ lo ṣe èyí?"

"Èmi ni, Iye."

"Gé díẹ̀ fún mi níbẹ̀."

Jọọlá gé etí rẹ̀ kan. Iye jẹ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tí iná ẹja yíyan ti sọ di líle di ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà mú. "Ọwọ́ tí ó ṣe èyí kò ní í rọ. Ohun tí ó bá dáwọ́ lé, yóò dúró."

"Àmín," ni Jọọlá wí. Ó fẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ṣe ni ó dà bí ẹni pé ó ń gba lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ Ajé, kéèkì márùn-ún ni ó dé orí tábìlì olùkọ́. Ti Gift, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan tí í jókòó lẹ́yìn, jìn láàárín, ó tún dúdú nídìí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹnu ya gbogbo kíláàsì nígbà tí Jọọlá ṣí tirẹ̀.

"Kí ló jẹ etí rẹ̀?" Ìyáàfin Ògúnlànà béèrè.

"Iye mi ni mo gé e fún, mà."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí lo fi ṣe é?"

"Ìkòkò àti iyanrìn, mà."

Olùkọ́ pàtẹ́wọ́. "Ọ̀gá àgbà gbọ́dọ̀ rí èyí! Ní Ọjọ́bọ̀, níwájú gbogbo wa, ìwọ yóò tún un ṣe."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Jọọlá fi ń bínú sí Promise, sí Kingsley, sí gbogbo ọkọ̀ tí ó ní ẹ́ńjìnnì láyé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí gbogbo ènìyàn tán kí ó tó kan ara rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ dé. Orí òpó ni ilé ẹ̀kọ́ wọn náà wà, ẹ̀bá ibùdókọ̀ sì ni. Jọọlá po fúláwà bí ó ti yẹ, ó gbé e sínú ìkòkò, ó sì ń gbàdúrà sínú. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ kọjá. Ìkejì kọjá. Nígbà tí ó ṣí ìdérí, àárín kéèkì ti jìn, kò sí ẹni tí ó nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún òun.

"Ọkọ̀ ló fà á, mà!" Promise kígbe láti ẹ̀yìn.

Ìyáàfin Ògúnlànà wo kéèkì náà, ó wo Jọọlá. "Jọọlá, ti ọjọ́ Ajé ńkọ́?"

Jọọlá lè sọ pé ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ kò kọjá. Irọ́ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí fúláwà bò, ó sì rántí ẹni tí ó dì í mú.

"Èmi kọ́ ni mo ṣe é, mà. Wọ́n rà á ni. Gbogbo èyí tí mo ṣe ló jìn. Mo dà wọ́n sómi."

"Gift gbé tirẹ̀ tó jìn wá," olùkọ́ wí, "ó sì béèrè lọ́wọ́ mi ohun tó fà á. Kéèkì tí ẹ ṣe nílé ni mo béèrè. N kò sọ pé kó dára. Bí o bá gbé tìrẹ wá bó ṣe jìn, pẹ̀lú bí ọwọ́ rẹ ṣe mọ iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ tí o máa ń ṣe sí bísíkíìtì, ìwọ ni ǹ bá yàn. Gift ni yóò lọ."

Jọọlá sunkún dé ilé. Ó jẹ́wọ́ fún Iye kí ẹlòmíràn tó sọ fún un. Iye ń yí ẹja padà lórí iná.

"Àdúrà mi ti lọ sí Ìgbòkòdá nìyẹn," ó wí. "Àwọn tó jìn dà?"

"Mo jù wọ́n sómi."

"Ẹja jẹ ẹ́, èmi tí mo bí baba rẹ kò jẹ ẹ́! Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣé o rò pé èmi kì í fi iná ṣiṣẹ́ nínú ilé tó ń mì yìí ni? Wo òpó yẹn. Tí omi bá fà tí ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀ hàn, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kankan kì í gba ẹ̀gbẹ́ ilé wa mọ́, àárín odò ni wọ́n ń gbà. Ìgbà yẹn ni mo máa ń to ẹja sórí iná, kó má baà já bọ́."

Jọọlá la ẹnu sílẹ̀. Inú omi ni wọ́n bí i sí, ojoojúmọ́ ni ó sì ń rí i tí omi ń fà. Inú ń bí i sí ara rẹ̀. Ìbéèrè kan péré tí kò béèrè ni ó mú un pàdánù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta Àkúrẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Gift máa rìnrìn àjò, omi fà. Jọọlá rí ẹrẹ̀ ìdí òpó, ó sì gbé ìkòkò kaná. Ilé dúró jẹ́jẹ́. Kéèkì náà wú, ó sì dúró, bí ó tilẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ooru kò jẹ́ kí òdòdó áísìn rẹ̀ dúró dáadáa. Ó gé etí rẹ̀, ó gbé e fún Iye lórí ìkúnlẹ̀.

"Ó jó díẹ̀ nídìí," Iye wí. Ó jẹ ẹ́ tán, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú. "Ọwọ́ tí ó ṣe èyí kò ní í rọ. Ohun tí ó bá dáwọ́ lé, yóò dúró."

"Àmín, Iye." Lọ́tẹ̀ yìí, kò fa ọwọ́ rẹ̀.

Omi ti ń padà kún. Ọkọ̀ tí ó gbé Gift kọjá, Gift ju ọwọ́ sí i. Ó dun Jọọlá wọra, òun náà sì ju ọwọ́. Ó ti wá yé e pé ẹni tí ó fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́ ti fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ pamọ́ pẹ̀lú, àti pé ìyìn tí a fi irọ́ gbà kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ìgbì ọkọ̀ náà dé, ó gbá òpó, gbogbo ilé mì. Kéèkì orí tábìlì mì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ti jinná.