Ìdàlẹ̀ Tètèjí

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, bóyá inú ọkọ̀ lo wà, bóyá orí ìlà lo dúró sí níbi tí wọ́n ti ń dá ọ dúró. Fara balẹ̀ díẹ̀, jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún ọ. Bí ẹni tí o fọkàn tán bá ti já ọ jù sílẹ̀ rí, ìtàn rẹ nìyí. Bó bá sì jẹ́ ìwọ gan-an lo já ẹlòmíràn jù sílẹ̀, ìtàn rẹ náà nìyí.

Tètèjí ni gbogbo àwọn oníléeṣẹ́ ń pe ọkùnrin náà. Òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ yẹn. Bó bá dúró níwájú àwọn ọ̀gá níbi ìpàdé, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹni tó bá tètè jí ló ń pọnmi tó tòrò. Ẹni tó bá pẹ́ dé odò, ẹrẹ̀ ló máa gbé relé." Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ́ àwọn iléeṣẹ́ bí wọ́n ṣe lè lo ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti kó ìmọ̀ ènìyàn sí nínú títí tó fi ń dáhùn ìbéèrè, tó sì ń gbèrò bí ẹni tó lọ́pọlọ. Ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn rẹ̀, kí ọdún kan tó yí po, ó ti fi àwọn tó ń bá a dupò lọ́jà sílẹ̀ sẹ́yìn. Irọ́ kọ́ o. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́.

Kì í dá iṣẹ́ ọ̀hún ṣe. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń pè ní Èkejì. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, nínú ilé kan náà, àwọn ìyá wọn sì máa ń gbà wọ́n pọ̀n fún ara wọn. Tètèjí ló ń sọ̀rọ̀, Èkejì ló ń tọ́jú ìwé. Wọn ò kọ àdéhùn kankan sílẹ̀ láàárín ara wọn. Tètèjí á ní, "Ta ló ń bá ọwọ́ òsì rẹ̀ kọ̀wé àdéhùn?"

Ní ti Ọlọ́run, kò bá A jà, kò sì bá A ṣe. Bí aya rẹ̀ bá ní kó jẹ́ káwọn jọ lọ sílé ìjọsìn, á rẹ́rìn-ín. "Bá mi kí I o. Sọ fún Un pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

Lọ́jọ́ kan, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀dà ilé ránṣẹ́ pè é. Iléeṣẹ́ ọ̀dà mìíràn wà lódìkejì títì tó ń gba oníbàárà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀gá àgbà ní, "Ọ̀gbẹ́ni Tètèjí, kí la lè ṣe tí ọwọ́ wọn ò fi ní tó wa?"

Tètèjí rin iléeṣẹ́ náà yíká fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó rí ni pé ojú obìnrin kan ṣoṣo ni gbogbo agbára iléeṣẹ́ ọ̀hún wà. Ìyá Ọlọ́dà ni wọ́n ń pè é. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń po ọ̀dà níbẹ̀. Oníbàárà lè gbé àfọ́kù àwo wá, kó ní àwọ̀ yìí gẹ́lẹ́ lòun fẹ́ lára ògiri òun. Ìyá á gbé e sún mọ́ fèrèsé, á di ojú kan, á ní, "Bu dúdú díẹ̀ sí i. Ó tó. Kán pupa ẹ̀kán kan péré." Bí ọ̀dà náà bá gbẹ lára ògiri tán, ẹni tó bí ẹ kò lè mọ ìyàtọ̀.

Tètèjí ní kí wọ́n kó ìmọ̀ ìyá náà sínú ẹ̀rọ. Odindi oṣù mẹ́rin ló fi jókòó tì í nínú yàrá ìpọ̀dà, láàárín àwọn agolo, pẹ̀lú kámẹ́rà kékeré kan lókè orí wọn. Ohunkóhun tí ìyá bá ṣe, ẹ̀rọ á gbà á sílẹ̀. Bó bá ṣì í ṣe, á ṣàlàyé bó ṣe ṣì í, ẹ̀rọ á gba ìyẹn náà. Mọ́mì ni Tètèjí ń pè é. Búrẹ́dì tí ìyá bá gbé wá síbi iṣẹ́ ni wọ́n jọ ń pín jẹ.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rù kọ́kọ́ ba ìyá, ó bi í pé, "Ọmọ mi, tí ẹ̀rọ yìí bá ti mọ̀ ọ́n tán, kí ni wọ́n máa fi èmi ṣe?"

Tètèjí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ọ̀gá ẹ̀rọ. Mọ́mì, mo fi ẹ̀mí mi búra, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ yín."

Bẹ́ẹ̀, ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tó ti kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà pé bí ẹ̀rọ bá ti gbọ́n tán, kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin náà máa lọ, torí kò sídìí tí wọ́n fi máa tọ́jú ènìyàn àti ẹ̀rọ fún iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Oṣù kẹrin parí, ẹ̀rọ gbọ́n. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fún ìyá ní lẹ́tà pé kó máa lọ. Òun àti Tètèjí ṣe kòńgẹ́ ara wọn lórí àtẹ̀gùn, lẹ́tà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Tètèjí sáré yọ fóònù, ó gbé e sétí bí ẹni tí wọ́n pè, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ìyá kọjá lọ. Ẹnikẹ́ni ò pè é.

Àwọn àgbà ní ẹni bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ. Tètèjí ò rántí òwe yẹn. Iléeṣẹ́ ọ̀dà gbilẹ̀, òkìkí Tètèjí sì kàn kálẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, Èkejì gbé èrò kan wá bá a. "Ọ̀rẹ́ mi, ó ti ń rẹ̀ ọ́. Ojoojúmọ́ lò ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan náà fún oníbàárà. Kí ló dé tá ò kọ́ ẹ̀rọ kan kó máa bá ọ sọ ọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú Tètèjí. Fún odindi ọdún kan, ó kó ohun gbogbo tó mọ̀ sínú ẹ̀rọ náà: ohùn rẹ̀, àwàdà rẹ̀, àṣírí iṣẹ́ rẹ̀, títí kan ohun tó máa ń wò lójú oníbàárà kó tó yanu. Èkejì ló ń jókòó tì í. Èkejì ló ń bu omi fún un mu bí ọ̀fun rẹ̀ bá gbẹ.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Tètèjí dé iléeṣẹ́ òun àti Èkejì, ó tẹ ìka mọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ò ṣí. Ó tún un tẹ̀. Èkejì yọ láti inú lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yìn gíláàsì ló dúró sí.

"Má bínú. Orúkọ mi ló wà lórí ìwé iléeṣẹ́. Ìwọ náà mọ̀ pé a ò kọ nǹkan kan sílẹ̀."

"Èkejì, èmi mà nìyí!"

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí o mọ̀, ẹ̀rọ ti mọ̀ ọ́n."

Ó yí ẹ̀yìn padà, ó lọ. Tètèjí pe ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ọ̀dà, ó rò pé onítọ̀hún á gbè é. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Háà, ọ̀gbẹ́ni, èmi àti ẹ̀rọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán ni. Àwàdà omi tó tòrò yẹn gan-an ló fi bẹ̀rẹ̀! Ká má purọ́, ó sàn jù yín lọ. Kì í bínú."

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Tètèjí fi wà lórí ìjókòó kan nílé, tí oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lọ́fun, tó ń wo ògiri. Bí aya rẹ̀ bá bá a sọ̀rọ̀, ohun kan náà ló ń wí: "Èkejì kẹ̀? Èkejì tèmi?" Nígbà tó yá, ìbànújẹ́ di ìbínú. Àṣírí àwọn iléeṣẹ́ bí ọgbọ̀n ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pinnu pé òun á tú u fún àwọn tó ń bá wọn dupò, òun á sì fi sí Èkejì lọ́rùn. Ẹlẹ́rìí ló kù tó ń wá, ẹni tó máa búra pé iléeṣẹ́ Èkejì ń tan ènìyàn jẹ. Ó rántí Ìyá Ọlọ́dà. Ó dá a lójú pé inú ìyá náà á ti máa hó fún ẹ̀san.

Ọ̀sán ni nígbà tó rí i, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tó ti ń po ọ̀dà fún àwọn tó ń kun ilé. Tètèjí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rò pé ìyá máa da agolo ọ̀dà lé òun lórí ni.

"Tètèjí," ni ìyá wí. "Wọlé. Ṣọ́ra o, ọ̀dà ara ilẹ̀kùn yẹn ò tíì gbẹ."

Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹni tá a jọ dàgbà ni, Mọ́mì! Ẹnu ara mi ni mo fi kọ́ ẹ̀rọ náà! Ó ń fún mi lómi mu, ó sì mọ ohun tó fẹ́ fi mí ṣe!"

Bó ti wí bẹ́ẹ̀ tán, ó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀.

Ìyá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà. "Mo rí ìwé tí o kọ."

"Ìwé wo?"

"Èyí tí o kọ sí ọ̀gá nípa mi. Orí tábìlì mi lo gbàgbé ẹ̀dà rẹ̀ sí. Ó ku oṣù kan gbáko ká parí."

Tètèjí dìde dúró. "Ẹ mọ̀? Ẹ mọ̀, ẹ sì tún ń kọ́ ẹ̀rọ yẹn? Ẹ̀ bá kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́! Ta ni ì bá mọ̀?"

"Mo rò ó bẹ́ẹ̀. Má rò pé áńgẹ́lì ni mí. Mo gbàdúrà kí ẹsẹ̀ rẹ kán. Méjèèjì. Mo tiẹ̀ sọ èyí tí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ kán fún Ọlọ́run." Ìyá mi orí. "Ẹnu àdúrà yẹn ni mo wà tí mo fi rántí Jésù níbi tó ti ń bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn Rẹ̀ jẹun. Ó mọ ẹni tó máa ta Òun. Síbẹ̀, Ó bu omi, Ó kúnlẹ̀, Ó fọ ẹsẹ̀ onítọ̀hún. Mo ní, Olúwa, ẹsẹ̀ tí mo ní kí O ṣẹ́, ṣé Ìwọ ì bá fọ̀ ọ́ ni? Mo sunkún títí. Lọ́jọ́ kejì, mo padà wá, mo kọ́ ẹ̀rọ rẹ ní òtítọ́."

Ó fi àkísà náà sílẹ̀. "Ó dùn mí o. Fóònù tí o gbé sétí lórí àtẹ̀gùn ló dùn mí jù. Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò pè ọ́."

Tètèjí ò lè gbójú sókè.

"Èkejì ṣe ọ́ níbi," ni ìyá ń bá a lọ, "ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá dúró níwájú Ọlọ́run, Kò ní bi ọ́ léèrè ẹ̀ṣẹ̀ Èkejì. Tìrẹ ló máa bi ọ́. Ó pẹ́ tí mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi, àmọ́ ìdáríjì tèmi ò lè gbà ọ́ là. Ẹni tí wọ́n tà, tó kú lórí igi nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, tó sì jíǹde, Òun nìkan ló lè wẹ̀ ọ́ mọ́. Ṣé wàá jẹ́ kó wẹ̀ ọ́?"

Tètèjí, alásọyé ọkùnrin, kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ọ̀dà ti kán sí. "Jésù, ọ̀dàlẹ̀ ni mí. Mo ta ìyá yìí. Mo tún wá síbí lónìí láti tún un tà. Mi ò ní àwáwí. Ṣàánú mi."

Ìyá Ọlọ́dà la ojú, ó wò ó, nítorí kò mọ apá ìkẹyìn yẹn. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì ṣe àmín.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Tètèjí pa gbogbo àṣírí ọwọ́ rẹ̀ rẹ́. Ó lọ bá ọ̀gá iléeṣẹ́ ọ̀dà, ó jẹ́wọ́ pé òun purọ́ fún ìyá, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó gba ìyá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá ní ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó lọ sọ́dọ̀ Èkejì pẹ̀lú, láti sọ fún un pé òun ti dárí jì í. Èkejì rò pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, kò ṣílẹ̀kùn. Títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí, kò dá ohunkóhun padà. Ọjọ́ mìíràn wà tí egbò náà ń ta Tètèjí, aya rẹ̀ á sì rí i níbi tó ti kúnlẹ̀, tó tún ń dárí jì í lákọ̀tun.

Iṣẹ́ kan náà ni Tètèjí wá ń dá ṣe. Ṣùgbọ́n kí iléeṣẹ́ èyíkéyìí tó gbé ẹ̀rọ wọlé báyìí, á pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ, á sì ka ohun tó kọ sí ọ̀gá wọn sétí gbogbo wọn. Àwọn ọ̀gá kan ò fẹ́ ẹ mọ́ nítorí èyí. Ó ní kò burú, òun ò ní kọ ìwé tí òun ò lè kà létí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn mọ́.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Bóyá ẹni tó dà ọ́ ló gba gbogbo ọkàn rẹ, tí o ò fi ráyè rí ẹni tí ìwọ náà dà. Bóyá o ti ń fi ọgbọ́n orí rẹ rẹ́ni jẹ, o ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọlọ́run mọ̀. Ó mọ̀, síbẹ̀ Ó rán Ọmọ Rẹ̀ wá kú fún ọ.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Ọ̀pọ̀ ló ti sọ bẹ́ẹ̀ tí ọ̀la ò bá wọn láyé. Níbi tí o wà yìí, láàárín èrò pàápàá, dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Jésù, má bù ú kù. Ní kó dárí jì ọ́, kó sì gba ọkàn rẹ. Kò lé ẹnikẹ́ni padà rí. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀. O ò ní nìkan lọ.