Pupa Kan Kì Í Ṣe Pupa Kejì

Adédoyin kọ́kọ́ rò pé òkú ni. Ọkùnrin náà nà gbalaja sáàárín ẹ̀gẹ́ bàbá rẹ̀ ní Ìyìn-Èkìtì, ó gbé nǹkan dúdú kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ sí abẹ́ ewé, kò mira.

"Ẹ̀gẹ́ wa lẹ fẹ́ jí ni?"

"Àwòrán rẹ̀ nìkan ni. Bàbá yín ló gbà mí láyè." Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ nù. Akínwálé lórúkọ rẹ̀, yunifásítì kan ní Adó ló ti ń ṣiṣẹ́.

Kámẹ́rà tó ń rí ọgọ́rùn-ún àwọ̀ níbi tí ojú wa ti ń rí ẹyọ kan wà láyé o, ṣùgbọ́n ó máa ń tóbi, owó rẹ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́lé. Akínwálé mú kámẹ́rà fóònù àtijọ́, ó lẹ ike pẹlẹbẹ kan tó ń lọ́ ìmọ́lẹ̀ pọ̀ mọ́ ojú rẹ̀, ó wá kọ́ kọ̀ǹpútà láti tú àwòrán rẹ̀ palẹ̀ bí ẹni ń tú irun, kí ó lè rí àrùn ẹ̀gẹ́ kí ojú tó rí i.

Ó fi hàn án. Ewé kan ṣoṣo di ogójì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, títí kan èyí tí ojú ènìyàn kì í rí. Láti kékeré ni Adédoyin ti ń wo ewé ẹ̀gẹ́, àfi bíi pé kò rí i rí. Ẹnu yà á.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá a to ewé, tó ń kọ irú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sínú ìwé kí kọ̀ǹpútà lè fi kọ́ṣẹ́. Kí òjò mélòó kan tó rọ̀, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Bàbá ní òun kò ní fọmọ fún ayàwòrán, àfi bí kámẹ́rà rẹ̀ bá mọ ẹ̀gẹ́ ju òun lọ. Ọjọ́ tí wọ́n dán an wò, kámẹ́rà ní àrùn wà ní ebè ìpẹ̀kun. Bàbá fà á tu. Ẹ̀gẹ́ náà dá ṣáṣá, kò tíì gbó ni.

"Má wọ ulé mi mọ́," Bàbá wí fún Akínwálé.

Lọ́jọ́ kejì, Adédoyin gun ọ̀kadà lọ sí Adó. Akínwálé káwọ́ lérí.

"Èyí tó bá pupa la ní kí kámẹ́rà máa mú, Doyin. Èyí tó pupa náà ló mú."

"Ọrùn ewé rẹ̀ ló pupa, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Èmi náà pupa. Ṣé àrùn ló ń ṣe mí?"

Àwọn méjèèjì wo ìwé, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Pupa" ni Adédoyin kọ fún ewé ọlọ́rùn pupa, "pupa" náà ni ó kọ fún èyí tí àrùn mú, Akínwálé sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ àrùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi yà wọ́n sọ́tọ̀: pupa bí ẹ̀jẹ̀ fún ọlọ́rùn pupa, pupa bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n fún àrùn.

Adédoyin kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀. "Èmi ni mo ṣi kámẹ́rà lọ́nà, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó tún un wò."

Lọ́tẹ̀ yìí, igi kan tó tutù yọ̀yọ̀ ni kámẹ́rà mú pé ó lárùn. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó so okùn mọ́ ọn kí ó lè dá a mọ̀. Adédoyin ń lọ wò ó láràárọ̀. Ní òwúrọ̀ kẹsàn-án, ó bá Bàbá ní ìlóṣòó níwájú igi náà, pupa bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń rá pálá lára ewé rẹ̀.

"Ogójì ọdún ni mo fi ń wo ewé yìí," Bàbá wí jẹ́jẹ́. "Ojú mi ò rí i." Ó dìde. "Pe ọkùnrin náà."

Adédoyin pè é. "Bàbá ní kí o máa bọ̀."

"Ṣé kí n mú kámẹ́rà dání?"

"Rárá. Mú bàbá rẹ dání."