Bíríkì tí Eérú Ẹyìn Jẹ

Ọ̀mọ̀wé Oyèbádé, olùkọ́ yunifásítì kan ní Òkìtìpupa, gbọ́n. Ó sì mọ̀ pé òun gbọ́n. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó po ìyẹ̀fun irin mọ́ amọ̀ funfun, ó sun ún, ó di bíríkì. Ó ní kò sí iná tó lè yọ́ ọ, kò sí ohun tó lè jẹ ẹ́. Ó fi iná gáàsì dán an wò, bíríkì ò mì. Ni wọ́n bá ní kó wá fi kọ́ ìléru tuntun sí ẹbu kan tí wọ́n ti ń fún epo pupa ní Òde-Ayé.

Vincent, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Judith, ló ń dáná níbẹ̀. Onígbàgbọ́ ni, ó sì ju Ọ̀mọ̀wé lọ dáadáa lọ́jọ́ orí.

Ó ní, "Dókítà, ògùṣọ̀ ẹyìn tá a ti fún epo rẹ̀ la fi ń dáná níbí, kì í ṣe gáàsì. Eérú rẹ̀ ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. A máa bó ni lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi dán bíríkì yín wò."

"Ìwọ Vincent, ìwé mélòó lo kà?"

Síbẹ̀, ọkàn Oyèbádé kò balẹ̀. Ó bu eérú lọ sí yàrá ìwádìí, ó dà á sára bíríkì, ó sì tì í sínú iná. Ní ọjọ́ kẹta, bíríkì là sí méjì. Kí ni ọlọ́gbọ́n wa ṣe? Ó kó àfọ́kù dànù, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àbájáde rẹ̀ pé kò sí ohun tó ṣe bíríkì náà. Ojú ń tì í láti sọ pé adáná ló tọ̀nà.

Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi bíríkì náà kọ́ ìléru tán tí ògiri rẹ̀ fi ya. Ẹyin iná dà sí Bàbá Judith lápá àti láyà. Tẹjúmádé tó ni ẹbu ní Bàbá Judith ló kó ògùṣọ̀ tó pọ̀ jù sínú iná, kó má padà síbi iṣẹ́ mọ́. Gbogbo ìlú gbà bẹ́ẹ̀. Oyèbádé gbọ́, ó panu mọ́. Kò rí oorun sùn lóru mọ́.

Níkẹyìn ó lọ wò ó ní ọsibítù.

"Dókítà," ni Bàbá Judith wí, "wọ́n ń dá mi lẹ́bi ohun tí n kò ṣe. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n Jésù Olúwa mi ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Tèmi ló rù, tiyín náà sì ni. Ṣé ẹ ti gbà á gbọ́?"

Oyèbádé mọ ohun tí yóò ná òun. Bó bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ lọ, orúkọ lọ. Ó wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Gbà mí. Ẹ̀yin Bàbá Judith, mo fi eérú dán bíríkì wò, ó là, mo sì fi í pamọ́. Ẹ dárí jì mí."

Lọ́jọ́ náà gan-an ló lọ sọ òtítọ́ fún Tẹjúmádé. N kò ní purọ́ fún ọ pé gbogbo rẹ̀ ti dùn. Yunifásítì ti ní kó lọ jókòó sílé, apá Bàbá Judith kò sì tíì ṣeé ká. Ṣùgbọ́n Oyèbádé ti ń sùn.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, má wulẹ̀ dá a lẹ́jọ́. Ta ló ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ lọ́wọ́lọ́wọ́? Ta ni wọ́n ń pè ní olè, ní ọ̀lẹ, ní aláìmọ̀kan, tí ìwọ sì mọ̀ pé kì í ṣe òun? Ọ̀la kì í ṣe tìrẹ. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, jẹ́wọ́ fún Jésù lónìí, yóò gbà ọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, kó o lọ bá ẹni náà.