Àtẹ́lẹwọ́ Oníka Mẹ́rin Lára Ògiri Ààfin

Obìnrin mọ́kànlá ló rẹ́ ògiri náà láàárọ̀, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ méjìlá ló wà lára rẹ̀ nígbà tí oòrùn kan àtàrí. Katiga kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní ààfin ìlú Tiebele, obìnrin ló ń rẹ́ ògiri, obìnrin ló ń kùn ún, oníkálukú wọn á sì tẹ ọwọ́ rẹ̀ sí amọ̀ tútù lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó fi òkúta dán an. Ìkejìlá yìí ò ní ọmọńdinrín.

"Ìyáálé, ta ni ìka rẹ̀ gé nínú wa?" Kawè, ìyàwó kékeré agbo ilé náà, ló ń rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́ mọ́ ọbẹ̀?"

"Ẹ lọ mu omi jéró yín," ni Katiga wí. Ó bu amọ̀, ó pa ojú ibẹ̀ rẹ́.

Ó mọ ọwọ́ náà. Ti Awuye ni, ìyá ọkọ rẹ̀ tí kò ní ọmọńdinrín, tó jẹ́ olórí àwọn akùnlé kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Nígbà òjò tó kọjá ni ògiri yàrá ìyá náà wó pa á. Gbogbo ìlú ní òjò ló pọ̀ jù. Katiga náà sunkún, ó ní òjò ni, wọ́n sì fi í joyè olórí. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti pè é lólórí, ojú á gbà á tì bí ẹni tó wà níhòòhò láàárín ọjà.

Èèpo èso irúgbá, igi irú, ni wọ́n ń sè fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n tó fi omi rẹ̀ pa ògiri nítorí òjò. Lọ́dún tí ìyá náà kú, àlejò ń bọ̀ wá wo ààfin, iṣẹ́ sì ti sú Katiga. Ó ra ọ̀dà inú agolo ní ọjà Po, ó fi kun yàrá ìyá nígbà tí àwọn yòókù lọ sóko. Ògiri ń dán, ṣùgbọ́n omi tó gba òrùlé wọ inú amọ̀ ò ríbi jáde mọ́.

"Omi irúgbá ni, àbí?" ni ìyá bi í lọ́jọ́ tó kùn ún tán.

"Òun ni, Màmá."

Afọ́jú náà fọwọ́ pa ògiri, ó gbé ìka símú. Lẹ́yìn náà ló rọra fọwọ́ kan Katiga lẹ́rẹ̀kẹ́. "O ṣeun, ọmọ mi."

Báyìí, àtẹ́lẹwọ́ tí Katiga pa rẹ́ láàárọ̀ ti yọ lára ògiri kejì, ó tún yọ lára ìkẹta, bí afọ́jú tó ń táràrà. Katiga ń tẹ̀ lé e títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà yàrá òun fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó kúrú náà, ó rákò wọlé. Òórùn omi irúgbá gba gbogbo inú yàrá náà.

"Màmá?"

Ohun tútù kan rọra kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́.

Nígbà tó jáde, àwọn obìnrin gbé igbá omi jéró wọn sílẹ̀. Kawè ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ìyáálé, ta ló fọwọ́ amọ̀ kàn yín lẹ́rẹ̀kẹ́?"

"Èmi fúnra mi ni." Katiga na ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n rí i. Ìka rẹ̀ pé márùn-ún. Kawè wo ọwọ́ náà, ó wo àmì ìka mẹ́rin tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn.

Katiga jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọ̀dà ni mo fi kun yàrá Màmá," ni ó wí. "Mo parọ́ fún wọn, wọ́n sì mọ̀. Wọ́n mọ̀, wọ́n ṣì ń sùn síbẹ̀, kí ojú má baà tì mí."

Oòrùn mú ganrínganrín, amọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ò sì gbẹ.