Àbẹ́là Àádọ́ta Ọdún

"Èyí tó wà nínú agbọ̀n nìkan ni kí o yọ́ o," ni Sísítà Alábẹ́là wí, bó ti ń kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Èyí tó wà lórí tábìlì, má fọwọ́ kàn án. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mà!" Ọmọbìnrin náà ti dáhùn kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu wọn.

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Kò pẹ́ tó jáde ilé ìwé girama ló wá ń gbé lọ́dọ̀ àwọn sísítà tó ń tẹ̀ lé ìlànà Bẹnẹdíkítì Mímọ́ yìí, kó lè mọ̀ bóyá òun náà á lè jẹ́ ẹ̀jẹ́ lọ́jọ́ kan. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Kíákíá. Ó ń gbálẹ̀ kíákíá, ó ń jẹun kíákíá, ó tilẹ̀ máa ń dé orí "Àmín" ṣáájú gbogbo ilé.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, yóò pé àádọ́ta ọdún tó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Àwọn kan ń nu ọ̀pá fìtílà, àwọn kan ń to òdòdó. Iṣẹ́ Kíákíá ni láti yọ́ kùkùté àbẹ́là, kó fi rọ tuntun tí sísítà kọ̀ọ̀kan máa mú lọ́wọ́. Aago ìdánrawò orin sì ti fẹ́ lù, bẹ́ẹ̀ orin ló fẹ́ràn jù.

Ó da kùkùté inú agbọ̀n sínú ìkòkò. Ìda náà kò tó. Ó bojú wo orí tábìlì, ó rí àbẹ́là kúkúrú kan tó ti pọ́n, tí wọ́n fi aṣọ funfun wé. "Èyí náà kúkú ti gbó," ló wí, ló bá sọ ọ́ sínú ìkòkò. Kí aago tó lù, ó ti bu ìda gbígbóná sínú gbogbo agolo tí wọ́n fi ń rọ àbẹ́là.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Sísítà Alábẹ́là pè é. "Lọ bá mi mú àbẹ́là Ìyá Àgbà wá lórí tábìlì, kí n nù ún. Èyí tí wọ́n mú lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí èmi nù ún, Mà," ló bọ́ lẹ́nu Kíákíá.

Àṣà ilé náà ni pé ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́, ìbáà ṣe ife lásán, á kúnlẹ̀ láàárín yàrá ìjẹun, á fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Tó bá ti sọ ọ́, ó parí. Kíákíá ti rí Ìyá Olórí tó jẹ́ ọ̀gá ilé náà, tí àwọn fúnra wọn kúnlẹ̀ nítorí àwo tó fọ́. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe àwo! Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fún un ní ìborí funfun tí wọ́n fi ń gba ẹni tuntun wọlé, ìyá rẹ̀ sì ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. "Wọ́n á lé mi lọ sílé," ló ń wí nínú ara rẹ̀. Ló bá mú àbẹ́là tuntun kan, ó gé e kúrú, ó fi eérú àti omi tíì pa á lára títí tó fi pọ́n, ó sì fi aṣọ funfun wé e. Ṣebí ojú Ìyá Àgbà ò ríran dáadáa mọ́.

Ní ọjọ́ àjọyọ̀, wọ́n dé Ìyá Àgbà ládé òdòdó, wọ́n sì fi àbẹ́là náà lé e lọ́wọ́. Láti àárín àwọn akọrin, Kíákíá rí àtàǹpàkò arúgbó náà tó lọ sí ìdí àbẹ́là. Ó wá nǹkan kan níbẹ̀, ó yí i po, ó tún wá a. Ó dúró. Lẹ́yìn náà, Ìyá Àgbà ka ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ketekete.

Níbi oúnjẹ, nítorí pé ọjọ́ àjọyọ̀ ni, wọ́n gba gbogbo èèyàn láyè láti sọ̀rọ̀, ilé sì kún fún ẹ̀rín.

"Ìyá Àgbà, ẹ sọ ti eyín fún Kíákíá," ni Sísítà Alábẹ́là wí. "Kò tíì gbọ́ ọ rí."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Lọ́jọ́ tí mo jẹ́ ẹ̀jẹ́, àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, rò pé súìtì ni àbẹ́là mi. Kí n tó bojú wẹ̀yìn, ó ti gé e jẹ nídìí! Ó ti kú báyìí. Àpá eyín yẹn ni mo fi ń rántí ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká gbé e wá, kó fojú ara ẹ̀ rí i!" ni Sísítà Alábẹ́là tún wí.

"Rárá o," ni Ìyá Àgbà tètè wí. "Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ bu ọbẹ̀ sí i fún mi jàre."

Ó yé Kíákíá wàyí. Ìyá Àgbà ti mọ̀, ó sì ń bo ẹnikẹ́ni tó ṣe é láṣìírí. Bí òun náà bá dákẹ́, ó bọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dìde, ó rọra rìn lọ sí àárín yàrá, ó kúnlẹ̀.

"Èmi ni mo yọ́ àbẹ́là Ìyá Àgbà," ló wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Èyí tí wọ́n mú lọ́wọ́ lónìí, ayédèrú ni. Èmi ni mo ṣe é."

Ìyá Olórí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ti ìkòkò yẹn, àìgbọràn àti ìwàǹwára ni. Ká ní o kúnlẹ̀ lánàá ni, ì bá ti tán lánàá. Ṣùgbọ́n ayédèrú yìí, o jókòó, o rò ó, o sì ṣe é. Ìborí tí à bá fún ọ lóṣù tó ń bọ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Mo gbà, Mà."

"Wá síbí," ni Ìyá Àgbà wí. "Mi ò ní tàn ọ́, inú bí mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Níbo lo da ìda yẹn sí?"

"Inú àwọn àbẹ́là tuntun ni, Mà. Àwọn tí gbogbo yín mú lọ́wọ́ láàárọ̀."

Arúgbó náà wò ó títí. "Gbogbo ilé ló bá mi gbé àbẹ́là mi, tí mi ò mọ̀? Ọmọ yìí! Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá fò sókè láàárín ṣọ́ọ̀ṣì! Ayọ̀ yẹn gan-an lo gbà lọ́wọ́ mi." Ó ní kí wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn àbẹ́là náà wá, ó sì nà án sí Kíákíá. "Ó yá, gé e jẹ nídìí."

"Mà?"

"Ṣé o ò léyín ni?"

Kíákíá gé e jẹ, tẹ̀rín-tẹkún. Ìyá Àgbà fi àtàǹpàkò wá àpá eyín náà títí tó fi rí i, ó sì fi aṣọ funfun wé àbẹ́là náà.

Àṣìṣe kì í ba ni jẹ́ tó irọ́ tí a fi bò ó. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí ọmọ yìí ṣe kíákíá, òun gan-an ló fi falẹ̀.